Bàálù Onírù Funfun

Ọjọ́ kẹrin, Ẹrẹ́nà

Wọ́n gbé mi fún Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́ lónìí. Gbogbo yàrá dákẹ́ lọ gbári nígbà tí Ọ̀gá Àgbà kéde rẹ̀, mo sì rò pé ìlara ni. Ta ni kò ní jowú? Nínú gbogbo awakọ̀ tó wà ní pápá yìí, kò sí ẹni tó tíì já bàálù àwọn ará ọ̀hún, àwọn ọ̀tá wa, bọ́ tó o. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí mo ga débi pé orúnkún mi ń gbá dáṣíbọ́ọ̀dù, èmi ni wọ́n ní kí n máa tẹ̀lé e lójú ọ̀run, kí n máa ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ̀.

Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó ní, "Agùntáṣọọ́lò, pẹ̀lẹ́ o." Orúkọ tí wọ́n fún mi kí n tó tú ẹrù mi tán nìyẹn. Gbogbo èèyàn ló máa ń kí ní pẹ̀lẹ́, ìdí tí wọ́n fi ń pe òun náà bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Lọ́sàn-án, ó ní kí Ànńtí Sípánà kun ìrù bàálù mi ní funfun báláú. "Kí n lè máa rí ẹ lókè," ló wí. "Ilé iṣẹ́ kan náà ló ta bàálù fún àwa àti àwọn. Tí oòrùn bá ti wà lẹ́yìn wọn, dúdú ni gbogbo wọn. Mi ò fẹ́ kí ẹni wa kankan ṣèèṣì yìnbọn lù ẹ́." Ẹ wo ọ̀gá tó fẹ́ràn ọmọọṣẹ́!

Ànńtí Sípánà ni mẹkáníìkì tó ń tọ́jú bàálù wa, àgbà obìnrin tó lè fi ètè lásán bú èèyàn. Nígbà tó kùn ún tán, mo ní, "Ẹ ṣeun, Ànńtí, ó mà rẹwà o." Ó pòṣé. Ó ní, "Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Ẹ̀wà la jẹ. Òkúta pọ̀ nínú ẹ̀.

Ọjọ́ keje

Òjò. A ò fò.

Ọjọ́ kẹjọ

Ìkọ̀wé mi rí bíi ti ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lónìí.

A pàdé wọn lókè odò. Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́ sọ lórí rédíò pé, "Agùntáṣọọ́lò, máa lọ tààrà. Má yà sọ́tùn-ún, má yà sósì. Mo wà lókè rẹ." Ló bá gbé imú bàálù rẹ̀ sókè, ó wọ inú oòrùn lọ, mi ò rí i mọ́. Èmi náà ń lọ tààrà, ọmọ dáadáa. Ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ni pé gíláàsì ẹ̀gbẹ́ mi fọ́. Lẹ́yìn náà ni ihò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára ìyẹ́ ọ̀tún. Àwọn méjì ló wà ní ìdí mi. Mo pariwo lórí rédíò, mo pe Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́ títí, mo pe ìyá mi tó ti kú. Mo tọ̀ sára. Mo ti gbà pé ó ti parí kí ó tó já wálẹ̀ láti inú oòrùn, tó fi ìbọn fa èyí tó sún mọ́ mi jù ya. Èkejì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ẹni tí Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́ yìnbọn lù yẹn ò kú lójú ẹsẹ̀. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, iná ń jó níwájú rẹ̀, ó sì ń fi ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì lu gíláàsì tó bò ó lórí. Gíláàsì ò ṣí. Ó yíjú wò mí, èmi náà wò ó títí tó fi wọ inú igbó.

Nílẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́ bi mí ni pé, "Ṣé o rí i dáadáa?" Òfin ibí ni pé kò sí ẹni tó lè ka bàálù tó já bọ́ mọ́ tirẹ̀, àfi kí ẹlòmíì jẹ́rìí. Mo lọ jẹ́rìí níwájú Ọ̀gá Àgbà pẹ̀lú ṣòkòtò tútù. Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́ fún mi ní sìgá kan. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́. Ó máa mọ́ ẹ lára."

Ọjọ́ kẹtàlá

Inú ń bí mi lónìí.

Ìgbà kẹta nìyí tí wọ́n lu bàálù mi níhò. Ànńtí Sípánà ń lẹ̀ ẹ́, mo sì ń ṣàwàdà pé tó bá yá, a ó máa fi sẹ́ èlùbọ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ ti pẹ́ ju ẹni tó ṣáájú yín lọ. Òun náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi nítorí ọ̀dà."

Mo ní, "Ọ̀dà wo?"

Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ibẹ̀ sì jìn. "Ṣé Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́ nìkan ló ń rí funfun yẹn ni? Àwọn ará ọ̀hún ò lójú?"

Háà! Gbogbo ẹ̀ wá ṣí lójú mi lẹ́ẹ̀kan náà. Máa lọ tààrà. Má yà. Mo wà lókè rẹ. Èmi ni ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ de ẹkùn, ọ̀gbẹ́ni ọdẹ wà lórí igi. Mo sì ti ń fi ìrù yẹn yangàn! Mo ní kí wọ́n yà mí ní fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ìyàwó mi. Òmùgọ̀ ni mí, òmùgọ̀ pọ́ńbélé.

Mo lọ bá a ní yàrá ìjẹun. Ó ń fi búrẹ́dì nu abọ́. Mo ní, "Bọ̀dá, ìjẹ lẹ fi mí ṣe." Mo rò pé yóò bínú, tàbí kó purọ́. Kò ṣe ọ̀kankan.

"Ṣé o ti fi ìwọ̀ pẹja rí?"

"Mo ti ṣe é rí."

"Ṣé o máa ń kí ekòló kó o tó fi há ìwọ̀?" Ó ju búrẹ́dì sẹ́nu. "Èmi máa ń kí i. Mo máa ń kí i ní pẹ̀lẹ́."

Ó wá ń ráhùn sí mi létí, bí ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́, pé ohun tó dun òun jù ni ti ẹni tó ṣáájú mi. Ó kú kó tó balẹ̀, kò sí ẹni tó jẹ́rìí, wọn ò sì ka bàálù ọjọ́ yẹn fún òun. Inú ń bí i sí òkú yẹn títí di òní.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún

A fò. Mo yà sọ́tùn-ún, mo yà sósì, mo ṣe bí ọ̀mùtí. Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́ ò rí nǹkan kan pa, kò sì kí mi nígbà tí a balẹ̀.

Ọjọ́ kọkànlélógún

Ọṣẹ ti wọ́n, sìgá ti wọ́n jù ú lọ. Wọ́n ní àwọn awakọ̀ tuntun ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́ yóò sì mú ọ̀kan nínú wọn, kí n lè kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Kí Ọlọ́run má bínú sí mi, inú mi dùn. Ẹni yòówù kó jẹ́, kì í ṣe èmi.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ẹni àkọ́kọ́ tó bẹ́ sílẹ̀ nínú lọ́rì ni àbúrò ìyàwó mi.

Mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí. Ó sáré wá, ó rọ̀ mọ́ mi lọ́rùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú. "Bọ̀dá! Mo ní kí Ànńtí mi má sọ fún yín, mo fẹ́ bá yín lójijì ni!" Ó ń rẹ́rìn-ín, èèyàn tó jẹ́ pé gbogbo eyín ló fi ń rẹ́rìn-ín. Kí lèèyàn fẹ́ ṣe? Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Àna mi, kí lo wá ṣe níbí?" Kí ó tó di ọ̀sán, gbogbo pápá ti ń pè é ní Àna.

Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́ ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà. Ó rọra rìn wá, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́ o."

Wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé bo ìrù tèmi. Wọ́n kun ti Àna ní funfun. Èmi náà ti di aṣíwájú, mo ní atẹ̀lé tèmi, wọ́n sì ń kí mi kú oríire. Mo fi tẹlifóònù ọ́fíìsì pe ilé. Ìyàwó mi ń kígbe ayọ̀. Ó ní, "Màmá mi ní kí n sọ fún yín pé àwọn ti lè sùn wàyí, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀." Mo ní kí wọ́n má dàamú.

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo fa Àna sẹ́yìn àgbá epo, mo sọ ohun gbogbo fún un. Ó tẹ́tí sílẹ̀, ó wá bú sẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá, ẹ̀rù ló bà yín. Ẹ má bínú o. Àmọ́ ẹ̀yin náà ṣe é, ẹ ò sì kú. Ṣé èmi ò gbọ́n tó yín ni?" Ó tilẹ̀ fọwọ́ gbá mi léjìká. Ó ti ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrù náà.

N kò tíì fẹ́ gbá ọmọ yẹn létí rí bí òní.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo lọ bá Ọ̀gá Àgbà. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́ ń já bàálù wọn bọ́. Ìwọ ńkọ́? Mélòó lo ti já bọ́?"

Mo ní, "Ẹyọ kan kò sí, sà."

Ó ní, "Nígbà tó o bá ní ọ̀kan, wá kọ́ mi níṣẹ́."

Ọjọ́ ọgbọ̀n

Àna balẹ̀ lónìí, ìdajì ìrù rẹ̀ ti lọ, ìyẹn tó funfun yẹn náà. Ó jókòó sórí ilẹ̀ lábẹ́ ìyẹ́ bàálù, kò dìde. Mo jókòó tì í. Ó ní, "Bọ̀dá, mo pè é, mo pè é. Ó ń wò mí láti òkè. Mo mọ̀ pé ó ń wò mí." Kò sí ẹ̀rín mọ́. Mo dì í mú. Ó ní, "Ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí i. Ẹ má sọ fún Màmá."

Ìrù tuntun ni Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́ ní kí wọ́n fi sí i, kí wọ́n sì tún un kùn ní funfun lójú ẹsẹ̀.

Mo lọ bẹ Ànńtí Sípánà. Mo kúnlẹ̀ sínú ọ́ìlì, èmi gíga báyìí. Mo ní kó bá mi pa funfun yẹn rẹ́, kó ní òjò ló fọ̀ ọ́. Ó ní, "Wọ́n á lé mi. Ta ló máa bọ́ àwọn ọmọ mi?" Mo bú u. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kéèyàn sọ sí àgbà. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kejì, Igbe

Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Bí mi ò bá kọ ọ́, n ó ya wèrè.

Lówùúrọ̀, Ànńtí Sípánà ní ẹ́ńjìnnì Àna kọ̀, kò fẹ́ ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kí àwa tó kù máa lọ, tó bá ti ṣiṣẹ́, yóò wá bá wa lókè. Lójú ọ̀nà, epo bẹ̀rẹ̀ sí í jò lára bàálù atẹ̀lé mi, òun náà padà sílé. Ó wá ku èmi nìkan lókè, Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́ nìkan nísàlẹ̀ mi, àti àwọn mẹ́rin míì níwájú.

Ìjà bẹ́ sílẹ̀. Bàálù ń yí po bí eṣinṣin orí ẹran. Ìrù funfun ni mo ń wá. Mi ò wá nǹkan míì, torí mo ti pinnu pé bí Àna bá dé, orí rẹ̀ gan-an ni n ó wà, kí Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́ máa ṣọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀. Mi ò rí funfun kankan. Mo ní ọpẹ́ ni. Kó jókòó sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Ni Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́ bá figbe ta lórí rédíò, ọkùnrin tí kì í gbóhùn sókè! "Ó wà ní ìdí mi! Kì í ṣe ẹni wa, kò ní funfun lára! Agùntáṣọọ́lò, yọ ọ́ kúrò!"

Mo wo ìsàlẹ̀. Lóòótọ́, bàálù kan ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Oòrùn òwúrọ̀ tó ṣì rẹlẹ̀ wà lójú mi, gbogbo ara bàálù náà dúdú, ìrù rẹ̀ dúdú.

N ó sọ òótọ́ níbí, torí kò sí ibòmíì tí mo ti lè sọ ọ́. Mo dúró. Mo ní, jẹ́ kó pa á. Jẹ́ kí ará ọ̀hún bá wa pa á, kí Àna lè sùn, kí èmi náà sùn. Mo tilẹ̀ mú àtàǹpàkò kúrò lórí ìbọn. Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́ ń sunkún. Ó ń pe orúkọ mi gan-an, èyí tí ìyá mi sọ mí. Àánú rẹ̀ wá ṣe mí. Àánú o! Mo rò ó pé èèyàn ni, mo rò ó pé mi ò gbọ́dọ̀ di irú rẹ̀. Mo já wálẹ̀, mo tẹ ìbọn, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ìyẹ́ òsì fi ya kúrò lára bàálù yẹn.

Ó yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àwọ̀ tiwa ni mo rí. Nọ́ńbà tiwa. Mo rí orí kan nínú gíláàsì tó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, tó ń wá ẹni tó yìnbọn lù ú. Ẹnìkan ṣoṣo ló lè sọ̀rọ̀ lórí rédíò wa lẹ́ẹ̀kan, Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́ ló sì ti ń ké láti ìgbà yẹn. Nígbà tó dákẹ́ ni ohùn Àna wọlé. "Bọ̀dá, ẹnìkan ti yìnbọn lù mí. Bọ̀dá, ibo lẹ wà?"

Ó ń sáré bọ̀ wá gba ipò rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀ ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ní, "Mo wà níbí." Mo ní kó bẹ́ jáde. Mo sọ ọ́ lásọtúnsọ. Páráṣúùtì ò yọ. Mo bá a lọ títí dé ilẹ̀.

Bí mo bá ti ṣe ìkà ni, ìbá ṣì wà láàyè.

Ọjọ́ kẹta

Mi ò lè kọ gbogbo rẹ̀ lánàá.

Bí mo ṣe balẹ̀, Ànńtí Sípánà ló sáré pàdé mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé obìnrin yẹn ní eyín. Ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí mi létí pé, "Mo ti ṣe é o. Irọ́ ni mo pa nípa ẹ́ńjìnnì yẹn, kí n lè ráyè. Mo fi èédú àti ọ́ìlì pa á rẹ́ pátápátá. Ẹ ò rí i mọ́, àbí? Kódà ẹ̀yin náà ò lè rí i."

Mo ní, "Rárá, Ànńtí. Mi ò rí i." Ó wo ojú mi, ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. Ó fọwọ́ lérí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́ fà mí wọ ẹ̀yìn àgbá epo. Omi ojú ti gbẹ lójú rẹ̀, ohùn rẹ̀ ti tún tutù. "Gbọ́ mi dáadáa. Ará ọ̀hún kan ló pa Àna. Ìwọ lo sì pa ará ọ̀hún náà. Èmi fi ojú mi rí i."

Mo ní, "Èmi ni mo pa á."

Ó ní, "Ta ló máa jẹ́rìí sí ìyẹn?"

Mo lọ bá Ọ̀gá Àgbà, mo ní èmi ni mo pa á. Ó ní gbogbo ẹni tí èèyàn rẹ̀ bá kú ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, pé kí n lọ sinmi. Ó ní wọ́n ti ka bàálù kan fún mi, àkọ́kọ́ mi. Àwọn tó wà nínú yàrá pàtẹ́wọ́.

Wọ́n pín ẹrù Àna, bí a ṣe máa ń pín ti ẹnikẹ́ni. Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́ mú búláńkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní kí èmi mú bàtà, torí pé ẹbí ni mí. Kò wọ̀ mí lẹ́sẹ̀.

Ọjọ́ karùn-ún

Wọ́n ní kí Ànńtí Sípánà ya àmì bàálù tí mo já bọ́ sí ara bàálù mi. Ó kọ̀. Wọ́n bi í léèrè ìdí, kò sọ, ìbá sì kó bá èmi náà tó bá sọ. Wọ́n lé e lọ. Ó di ẹrù rẹ̀ kọjá níwájú mi. Mẹkáníìkì mìíràn ló ya àmì náà, iṣẹ́ rẹ̀ mọ́.

Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́ ti yan ẹlòmíì nínú àwọn tuntun.

Ọjọ́ kẹfà

Wọ́n pè mí sí tẹlifóònù lọ́sàn-án. Mo ti ń sá fún un láti ọjọ́ yẹn.

Ìyàwó mi ò lè sọ̀rọ̀ tó já gaara, ẹkún ló ń sun. Ó ní àwọn sójà méjì wá sílé, wọ́n sọ fún àwọn. "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ gbẹ̀san rẹ̀. Wọ́n ní kò tíì balẹ̀ tí ẹ fi gbẹ̀san." Ó mí kanlẹ̀. "Màmá ń bẹ níbí. Wọ́n fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀."

Mo gbọ́ tí tẹlifóònù ń bọ́ láti ọwọ́ kan sí òmíràn.

"Ọmọ mi," ni Màmá wí. Wọn ò sunkún. "Ṣé òótọ́ ni pé ìwọ fúnra rẹ lo yìnbọn lu ẹni náà?"

"Òótọ́ ni, Màmá."

"O rí i tó já bọ́?"

"Mo rí i."

"Ṣé ó jẹ̀rora kó tó kú?"

Akọ̀wé ọ́fíìsì ń wò mí. Mo yí ojú sí ògiri. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ó jẹ̀rora."

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ó dáa bẹ́ẹ̀." Mo rò pé wọ́n ti fẹ́ gbé tẹlifóònù kalẹ̀. Wọ́n wá tún ní, "Ọwọ́ tó bá mi pa á yẹn, kò ní rọ láéláé. Ibi tí o bá nà án sí, ni yóò máa bá a. Ọlọ́run á máa tọ́ ọ fún mi."

Wọ́n dúró. Mo ń gbọ́ èémí wọn.

"O ò ṣe àmín ni, ọmọ mi?"

Mo ní, "Àmín, Màmá."